Ìrì Ẹ̀yìn Gíláàsì

Ìwọ tí o ṣí ìwé yìí, gbọ́ ìkìlọ̀ kan kí o tó fìdí kalẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá gbé nǹkan sórí tábìlì síwájú rẹ, má fọwọ́ kàn án. Bí o bá sì dá nǹkan náà mọ̀, má jẹ́ kí ojú rẹ sọ ọ́ ṣáájú ẹnu rẹ. Ojú Sàláù ló kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, ohun tó sì fẹ́ẹ́ gbé e dé ẹ̀wọ̀n nìyẹn.

Nǹkan ọ̀hún kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Ike dúdú ni. Ó ti là sí méjì, wáyà tín-ín-rín méjì yọ nídìí rẹ̀ bí irun imú. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé tọ́ ọ lára, díẹ̀ báyìí.

"Alata, kí nìyí?" Sájẹ́ǹtì Ansah ló bi í, ní èdè Twi. Alata ni wọ́n ń pe ọmọ Yorùbá níbẹ̀. Sàláù gbọ́ Twi dáadáa. Ọdún kẹrìnlélógún rẹ̀ rèé ní Accra.

"Sẹ́ńsọ̀ ni, sà."

"Ta ló fi sínú ọkọ̀ yẹn?"

Sàláù wo ilẹ̀kùn. Ó wo fèrèsé. Irin wà lójú fèrèsé. "Èmi ni, sà."

"Ó káre. Ẹ̀gbẹ́ òkú la ti ṣà á."

Sàláù fa ara sẹ́yìn kúrò nídìí tábìlì.

Iṣẹ́ éésì ọkọ̀ ló ń ṣe ní Abossey Okai, ọjà pááàtì ọkọ̀ ní Accra. Fítà ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo mẹkáníìkì níbẹ̀. Ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ó tún éésì ọkọ̀ ọkùnrin kan ṣe, Olúfúnṣọ́, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ báńkì, tó ń gbé ní Dansoman. Ní ìdájí àná, ọkọ̀ yẹn kan náà gbá Alfa Tàjùdíìnì, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú, níbi tó ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ kírun àsùbá. Alfa kò dé ọsibítù kó tó kú. Olúfúnṣọ́ fúnra rẹ̀ ló gbé ọkọ̀ wá sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó ní òun nìkan lòun wà nínú rẹ̀. Ó ní éésì tí fítà ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe ló kú lójú ọ̀nà, ni kùrukùru bá bo gíláàsì iwájú, òun ò rí èèyàn. Àwọn ọlọ́pàá pe fítà mìíràn pé kó dán éésì náà wò. Afẹ́fẹ́ ń jáde. Kò tutù rárá.

Bí wọ́n ṣe lọ gbé Sàláù nílé rẹ̀ ní Alajo nìyẹn. Wọ́n ní iṣẹ́ gbàrọgùdù rẹ̀ ló pa èèyàn. Tí aago méjì ọ̀sán bá lù, ọkọ̀ á gbé e lọ sí kóòtù. Aago mọ́kànlá ti lù báyìí.

Obìnrin kan jókòó sí igun yàrá náà. Kò wọ aṣọ ọlọ́pàá, kò sì tíì la ẹnu. Ẹ̀rù rẹ̀ ló ń ba Sàláù jù. Ẹni tó ń pariwo, èèyàn mọ ibi tó wà.

"Bàbá," obìnrin náà sọ, ní Yorùbá.

Sàláù ta gìrì.

"Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Hàdízà lorúkọ mi, Inspẹ́kítọ̀ ni mí. Alajo ni wọ́n bí mi sí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Yorùbá mi ti lú mọ́ Twi, ẹ bá mi fara dà á, yoo?" Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì. "Ẹ̀ ń gbọ̀n. Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ òkú ló ń bà yín lẹ́rù. Àmọ́ kí Sájẹ́ǹtì tó dárúkọ òkú lẹ ti ń gbọ̀n. Ọ̀dà yìí lẹ̀ ń wò."

Sàláù gbé ojú kúrò lára ọ̀dà náà.

"Ta ló fi ọ̀dà tọ́ ọ?"

"Faruk ni. Ó ń ta pááàtì nítòsí mi. Gbogbo ọjà rẹ̀ ló ń tọ́ báyẹn, kí oníbàárà má baà gbé èyí tó ti bàjẹ́ láti ibòmíràn wá dá padà fún un."

"Tuntun tó wà nínú páálí ńkọ́? Ó ń tọ́ òun náà?"

Obìnrin yìí ti mọ̀. Ó ti mọ̀ kó tó béèrè.

"Rárá, màdáámù."

"Tòkunbọ̀ lẹ fi sí i nígbà náà. Kí lẹ sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀?"

"Mo ní … mo ní tuntun ni." Ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. "Mo ṣẹ̀, màdáámù. Gbogbo wa la ń ṣe é lọ́hùn-ún. Mo ṣẹ̀."

"Kí ló wí? Kí ló wí?" Ansah kò gbọ́ Yorùbá. Nígbà tí Hàdízà túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó fọwọ́ gbá tábìlì. "Ó ti jẹ́wọ́! Ọ̀rọ̀ ti tán!"

"Irọ́ tó pa fún oníbàárà ló jẹ́wọ́. Sájẹ́ǹtì, bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ yẹn, ní Kantamanto lo ti rà á, òkìrìkà ni. Ṣé ó ti já ni?"

Ansah fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ àga.

"Bàbá," Hàdízà yí padà, "apá ibo lára ọkọ̀ ni nǹkan yìí ń gbé?"

"Iwájú pátápátá. Ẹ̀yìn bọ́ńpà, níbi tí atẹ́gùn ìta ti lè fẹ́ sí i."

"Kí ni iṣẹ́ rẹ̀?"

Ìyẹn rọrùn fún Sàláù. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. "Éésì ọkọ̀ òde òní ń dá ronú, màdáámù. Ẹ ó kàn sọ bí ẹ ṣe fẹ́ kí inú ọkọ̀ gbóná tó tàbí kó tutù tó, òun fúnra rẹ̀ á máa fi kún un, á máa dín in kù. Ó ní sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ bí inú ọkọ̀ ṣe rí fún un. Ó ní èyí tó ń wo oòrùn lórí dáàṣíbọ́ọ̀dù. Eléyìí ló ń sọ bí ìta ṣe rí."

"Bí eléyìí bá fọ́ ńkọ́?"

"Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ò ní gbúròó ìta mọ́. Á gbà pé yìnyín ló bo ìlú. Kò sì ní jẹ́ kí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ṣiṣẹ́, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣe òtútù, nítorí pé …"

Ọ̀rọ̀ há sí i lẹ́nu. Ó gbójú sókè. Láti àná tí wọ́n ti mú un, ẹ̀rù ti ti ọpọlọ rẹ̀ pa. Kò ronú kan nǹkan kan ju ọ̀dà Faruk lọ.

"Ẹ sọ ọ́ tán," Hàdízà rọra wí.

"Iwájú ni ọkọ̀ fi gbá Alfa. Ibẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ ti fọ́. Màdáámù, éésì ò kú kó tó gbá a. Gbígbá yẹn ló pa éésì."

Hàdízà dìde. "Ọ̀rọ̀ ẹnu nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó lára ọkọ̀."

Ọkọ̀ náà wà lẹ́yìn àgọ́, wọ́n ta okùn yí i ká. Bọ́ńpà rẹ̀ ti wọnú. Sàláù kò fẹ́ wo ibẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń padà síbẹ̀.

"Ta ló ti fọwọ́ kan inú rẹ̀?" Hàdízà bi Ansah.

"Fítà tí a pè lánàá nìkan. Ó ṣíná, ó fọwọ́ wo afẹ́fẹ́, ó pa á. Kò yí nǹkan kan. Mo dúró tì í."

Wọ́n ṣíná ọkọ̀. Ojú kékeré tó wà láàárín dáàṣíbọ́ọ̀dù tàn. Níbi tí wọ́n ń kọ bí ìta ṣe gbóná sí, ọgbọ̀n ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìlà kékeré kan níwájú rẹ̀.

"Kí ni ìlà yẹn?" Ansah béèrè.

"Ó ní ìta tutù ju inú fíríìsà tí wọ́n ń kó ẹja sí lọ, sà."

Òógùn ń ṣàn lọ́rùn Ansah wọ inú ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, kò mọ̀gbà tó rín in. "Ní Accra!"

Hàdízà ti ránṣẹ́ pe Faruk. Ó dé pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ mìíràn nínú ọ̀rá, tòkunbọ̀ lòun náà. "Mo ti tọ́ ọ lọ́dà o," ó kìlọ̀ fún Ansah. "Bí ìjọba bá pààrọ̀ rẹ̀, màá mọ̀."

Wọ́n tú ọwọ́ Sàláù kan nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, ó ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn bọ́ńpà, ó ń tọ wáyà kiri. Tí èyí náà bá ti kú ńkọ́? Kò sẹ́ni tó dán an wò. Tí kò bá fẹ́ òtútù, kò sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́yìn ìyẹn mọ́. Kóòtù aago méjì ló kù.

Ó so ó. Wọ́n tún ṣíná ọkọ̀.

Afẹ́fẹ́ fẹ́. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ansah wo aago ọwọ́ rẹ̀. Faruk wo ilẹ̀. Sàláù bẹ̀rẹ̀ sí ka "Lá iláha" sínú.

Ìlà kékeré yẹn parẹ́. Nọ́ńbà yí di mọ́kànlélọ́gbọ̀n, láìsí ìlà. Nígbà náà ni nǹkan dún lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: kẹ́! Ansah na ọwọ́ sí ojú ihò afẹ́fẹ́. Ó yọ ọ́. Ó tún nà án.

"Awurade," ó ké pe Olúwa kẹ́lẹ́. "Ó tutù."

Sàláù fi iwájú orí ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Màdáámù, ṣé kí n máa lọ?"

"Ó kù díẹ̀, bàbá. Olúfúnṣọ́ á ní éésì kú ni, ó jí, ó tún kú. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti fẹ́ gbọ́ òótọ́. Ẹ wò ó dáadáa fún mi: ṣé bí ẹ ṣe fi éésì sílẹ̀ ló ṣe wà yìí?"

Sàláù nu ojú rẹ̀, ó wò ó. Ó wò ó pẹ́.

"Rárá. Méjìlélógún ni mo fi ìhà méjèèjì sí. Bí mo ṣe ń ṣe gbogbo ọkọ̀ nìyẹn. Ẹ wo ìhà awakọ̀. Wọ́n ti yí i dé ìsàlẹ̀ pátápátá, òtútù tí kò ní èyí tó jù ú lọ. Ẹ wo ìhà ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n." Ó nàka sí nọ́ńbà náà. "Bí awakọ̀ bá yí tirẹ̀, ìhà kejì á tẹ̀ lé e ni. Wọn ò lè pínyà àyàfi tí ẹnì kan bá dìídì yí ti ìhà kejì."

Hàdízà tẹ̀ síwájú, ó wo nọ́ńbà méjèèjì. "Olúfúnṣọ́ ní òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀," ó wí. "Bàbá, ẹ ó jókòó sí igun tí mo jókòó sí lẹ́ẹ̀kan. Bó bá sọ nǹkan tí éésì tó ti kú kò lè ṣe, ẹ wúkọ́."

Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni Olúfúnṣọ́, ó wọ kóòtù báńkì. Bó ṣe wọlé, ó gbójú sókè wo fáànù àjà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa nǹkan yìí. Òtútù kì í bá mi lára mu."

Hàdízà pa á. Ooru sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá náà bí ẹrù.

"Bọ̀dá, ẹ ní éésì kú. Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn?"

"Kùrukùru bo gíláàsì. Mo fi aṣọ nù ún nínú, kò lọ."

"Òjò ń rọ̀?"

"Rárá. Ooru ni, èyí tó ń rin gbindin."

"Ẹ wá ṣe kí ni?"

"Mo tẹ bọ́tìnnì tó wà fún gíláàsì iwájú. Ìyẹn gan-an ló bà á jẹ́! Gbogbo rẹ̀ funfun báláú. Mo bá tan wáípà. Wáípà lọ lẹ́ẹ̀kan, ó bọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ojú ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hàn báyìí, àfi gbì!"

Sàláù wúkọ́.

Olúfúnṣọ́ bojú wo igun. Ó dá fítà rẹ̀ mọ̀. Ó sáré gbé ojú kúrò.

Hàdízà mú omi inú ọ̀rá kan látinú fíríìjì kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Kò pẹ́ tí ọ̀rá náà fi ń làágùn, omi ń kán sórí ìwé.

"Ìrì yìí, inú ọ̀rá ló wà ni àbí ẹ̀yìn?"

"Ẹ̀yìn."

"Nítorí kí ni?"

"Omi tutù, ìta gbóná." Olúfúnṣọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Inspẹ́kítọ̀, mo lọ ilé ìwé."

"Mo mọ̀. Èyí tí kò tutù, ṣé á làágùn?"

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀.

"Kùrukùru tó bá ti inú èémí èèyàn wá, inú gíláàsì ló ń wà," Hàdízà wí. "Aṣọ á nù ún. Wáípà ò lè dé ibẹ̀ láéláé, ìta ló wà. Tiyín, aṣọ ò ràn án, wáípà ló nù ún. Ẹ̀yìn gíláàsì ló wà, bọ̀dá. Gíláàsì ò sì lè làágùn lẹ́yìn láyìíká ibí àyàfi bí éésì bá ń fẹ́ òtútù lù ú látinú. Bọ́tìnnì tí ẹ tẹ̀ yẹn, ńṣe ló kó gbogbo afẹ́fẹ́ lọ sójú gíláàsì. Ní ìlú òyìnbó, afẹ́fẹ́ gbígbóná ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Níbí, ẹni tó bá ti yí éésì dé ìsàlẹ̀ tó wá tẹ̀ ẹ́, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo ara rẹ̀ lójú. Ẹ wò mí. Éésì ò kú. Ó ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ."

"Kí ló wí?" Ansah béèrè.

"Kò tíì wí nǹkan kan."

Olúfúnṣọ́ ń fi àtàǹpàkò nu omi tó kán sórí tábìlì. "Ìdájí ni. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ó lè jẹ́ pé mo ṣì í rántí."

"Ó lè jẹ́ lóòótọ́. Ta ló yí ìhà awakọ̀ dé ìsàlẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n pa fáànù?"

Olúfúnṣọ́ gbójú sókè wo fáànù tó ti dúró.

"Ìhà kejì wà ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ta ló jókòó síbẹ̀?"

"Ìyàwó mi." Ó yára sọ ọ́, bí ẹni tó rí ihò sá wọ̀. "Níjẹta ló jókòó síbẹ̀. Òun ló fi sí i. Òtútù kì í bá a lára mu, òun náà."

Sàláù kò wúkọ́. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ éésì. Ṣùgbọ́n ó rí i tí Hàdízà mi orí díẹ̀, bí ẹni tó rí ẹja lẹ́nu ìwọ̀, ó sì dìde lọ ṣí ilẹ̀kùn.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, obìnrin kan tí oyún inú rẹ̀ ti tó oṣù mẹ́jọ jókòó sábẹ́ fáànù gan-an. Ó gbé abọ́ oúnjẹ ọkọ rẹ̀ sí ẹsẹ̀. Ó ti bọ́ bàtà. Ó fi omi tútù inú ọ̀rá ti ẹ̀yìn ọrùn.

"Ìyàwó, Lọ́pẹ́ ni àbí?" Hàdízà wí. "Ẹ wọlé, ẹ wá kí ọkọ yín. Ẹ má bínú, a ti pa fáànù, bọ̀dá ní òtútù kì í bá ẹ̀yin méjèèjì lára mu."

"Èmi kẹ̀?" Lọ́pẹ́ di ògiri mú dìde. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tàn án. Òun lòtútù ń mú. Láti ìgbà tí oyún yìí ti dé, ooru fẹ́ẹ́ pa mí, ṣebí ojoojúmọ́ là ń jà lórí éésì nínú …"

Ó rí ojú ọkọ rẹ̀.

Ansah, tí kò gbọ́ èdè, wo ojú kan lọ sí èkejì, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

"Sájẹ́ǹtì," Hàdízà wí, "ẹni tí ooru ń mú ló jókòó níhà tó tutù, ìhà awakọ̀. Tú bàbá yìí sílẹ̀."

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ bọ́. Ọwọ́ Sàláù fúyẹ́ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ara rẹ̀ sókè. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ó lè máa lọ sí Alajo, ó lè lọ wẹ̀, kó lọ sùn. Gbogbo ohun tó ti ń tọrọ láti àná nìyẹn. Kò lọ. Ó dúró níwájú Lọ́pẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, òun ló béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

"Màdáámù, ṣé ẹ mọ̀ pé èmi ni wọ́n fẹ́ gbé lọ sí kóòtù láago méjì?"

"Lọ́pẹ́, má dá a lóhùn," Olúfúnṣọ́ wí.

Lọ́pẹ́ wo ọrùn ọwọ́ Sàláù, níbi tí irin ti bó o.

"Mo mọ̀, bàbá," ó wí. "Láti àná ni mo ti mọ̀."

"Ta ló wà nídìí sítíárìn?" Hàdízà bi í.

Ẹnu Lọ́pẹ́ ṣí. Olúfúnṣọ́ ti dorí kodò, èjìká rẹ̀ ń mì nínú kóòtù. Obìnrin náà wò ó, ó wò ó, lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àga tí Sàláù ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò níbẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn rẹ̀.

"Ọkọ mi ti sọ pé òun ló wà á," ó ní. "Èmi ò ní sọ nǹkan kan mọ́."